Igi Ẹ̀yìnkùlé: Bí Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ṣe Lè Ṣọ́ Ìyípadà Ìgbà Láti Ilé

 

Àkòrí ọ̀rọ̀ òní kò díjú. Ọmọ tí kò sí ní kíláàsì lè fi igi kan ṣoṣo kọ́ sáyẹ́ǹsì tó yè kooro, bí ó bá ń wò ó lọ́jọ́ kan náà lọ́sẹ̀, tí ó sì ń kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, oṣù àti ọdún. Àwọn àgbà ilẹ̀ wa mọ ìgbà tí igi ń wọ́wé, ìgbà tí ó ń rúwé àti ìgbà tí ó ń so. Orí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi tọ́jú ìmọ̀ náà, wọ́n sì máa ń gbé e lọ nígbà tí wọ́n bá kú. Ọmọ tó ní ìwé àti bírò lè dá ìmọ̀ náà dúró kí ó má bàa sọnù.

Ilé-ẹ̀kọ́ tì, igi ò tì

Ní ọjọ́ 27 oṣù Èrèlé ọdún 2020, wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn kòrónà ti wọ Nàìjíríà, lára ará Ítálì kan tó gba Èkó wọlé tó sì lọ sí Ìpínlẹ̀ Ògùn. Nígbà tó di ọjọ́ 23 oṣù Ẹrẹ́nà, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ti tì ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn èyí, ìjọba àpapọ̀ ní kí ará Èkó, Ògùn àti Àbújá jókòó sílé. Kárí ayé, UNESCO sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ tì mọ́ lórí lásìkò náà.

Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Àwọn olùkọ́ kan ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Iṣẹ́ ribiribi ni wọ́n ṣe, ó sì yẹ kí a yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ilé tí kò sí iná, tí kò sí owó dátà, tí fóònù kan ṣoṣo wà fún ọmọ mẹ́rin, ohun tó dé ibẹ̀ kò tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí a rántí irú àsìkò tí ó jẹ́. Ìparí oṣù Ẹrẹ́nà sí oṣù Igbe ni òjò àkọ́rọ̀ ń dé sí gúúsù ilẹ̀ Yorùbá. Mángòrò ń pọ́n. Ìrókò tó ti dúró ní ìhòòhò ń bo ara rẹ̀ padà. Òwú àràbà ti ń fò kiri ojú títì. Nínú gbogbo ọdún, bóyá ni àsìkò mìíràn wà tí igi ń yí padà tó báyẹn, ọmọ wa sì wà nílé ní gbogbo ọjọ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà wà níta gbangba, kò gba iná, kò gba dátà. Ẹni tí yóò sọ fún ọmọ pé kí ó wò ó ló ṣọ̀wọ́n.

Àrùn náà ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ láti ilé kò tíì tán. Ìsinmi gígùn ń bẹ láàárín oṣù Agẹmọ sí oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ lọ́dọọdún. Ọmọ tó ń ṣàìsàn wà, ọmọ tí òbí ń kọ́ fúnra wọn nílé wà, ìyanṣẹ́lódì sì máa ń wáyé. Gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ìdí tí igi wa fi ń wọ́wé

Àwọn kan nínú ìwé sáyẹ́ǹsì tí àwọn ọmọ wa ń kà pín ọdún sí ìgbà mẹ́rin, bí wọ́n ṣe ń pín in ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ọmọ Ìbàdàn á kọ́ ọ sórí, á kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìdánwò, á sì gba máàkì. Tí ó bá wá jáde síta, kò ní rí ọ̀kankan nínú rẹ̀. Kò sí yìnyín, kò sí òtútù tó ń mú omi dì. Síbẹ̀ igi ń wọ́wé. Kí ló ń lé ewé náà?

Ní London, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ tó gùn jù nínú oṣù Òkúdù lé ní wákàtí 16, tí ti oṣù Ọ̀pẹ́ sì fi díẹ̀ dín sí wákàtí 8. Ìyàtọ̀ ńlá yìí, pẹ̀lú òtútù tó ń tẹ̀lé e, ni igi ibẹ̀ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ní Ìbàdàn, ìyàtọ̀ láàárín ọjọ́ tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù kò pé wákàtí kan. Òjò ló ń darí igi tiwa: bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Ẹrẹ́nà tàbí Igbe, bí ó ṣe ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù Ògún, bí ó ṣe ń padà dé nínú oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà, àti bí ó ṣe ń dákẹ́ nígbà tí ọyẹ́ bá ti Sàhárà fẹ́ wá.

Ewé ní ihò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí. Ihò yìí ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé kí ewé lè fi oòrùn ṣe oúnjẹ, ibẹ̀ náà sì ni omi inú igi ń gbà jáde. Nígbà òjò, kò séwu. Gbòǹgbò ń fa omi mìíràn. Nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ tí ọyẹ́ sì ń fẹ́, ewé tó pọ̀ lórí igi di gbèsè sí i lọ́rùn. Igi á wá kó àwọn ohun tó ṣe é lóore nínú ewé, bíi naitrójìn, padà sínú ẹ̀ka àti ìtì. Àwọ̀ ewé á parẹ́. Àwọ̀ ìyeyè tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ látìgbà tí ewé ti dàgbà á hàn síta. Lẹ́yìn èyí, igi á sé ìdí ewé náà, ewé á sì já bọ́ láìsí ọgbẹ́.

Níhìn-ín ni ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun ti lè ran ti ilé lọ́wọ́. Bí ọmọ kan ní Peckham, ní London, bá ya fọ́tò igi iwájú ilé wọn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, tí ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn sì ya fọ́tò àràbà ní ọjọ́ kan náà, ó ṣeé ṣe kí igi méjèèjì wà ní ìhòòhò. Òtútù àti òkùnkùn ló tú tọ̀hún sí ìhòòhò. Ọ̀gbẹlẹ̀ ló tú tibí. Àwọn ọmọ méjèèjì lè jọ bi ara wọn léèrè ìdí, lórí fóònù, kí ìyá àgbà sì wà láàárín wọn tó ń gbọ́.

Àwọn igi tó wà nítòsí

Kò pọn dandan kí ọmọ wọ igbó. Bàbá ńlá wa fi igi júwe ilé fún ara wọn débi pé orúkọ igi ṣì wà lórí àdúgbò títí dòní: Ìdí-Àràbà ní Èkó, níbi tí ilé-ìwòsàn ńlá Yunifásítì Èkó wà, Ìdí-Arere ní Ìbàdàn, Ìdí-Mángòrò l'Ágége, Ìdí-Ìrókò ní ẹnu ibodè Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí olùkọ́ lè fi ránṣẹ́ sílé nìyí: kí ọmọ bi àgbàlagbà léèrè igi tó sọ àdúgbò lórúkọ, kí ó sì wádìí bóyá igi náà ṣì wà.

Furúùtù ni ó rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Igi yìí ló ta ẹ̀ka rẹ̀ ní ìpele ìpele bí òrùlé, tí ó ń ṣe ìbòòji fún mẹkáníìkì àti ìyá oníbọ̀ọ̀lì lójú pópó. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó sì máa ń pọ́n kí ó tó já bọ́. Ó lè wọ́wé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nítorí náà ọmọ kò ní dúró pẹ́ kó tó rí ìyípadà.

Bí ọmọ bá ti rí i tán, kí ó lọ wo mángòrò. Òun náà máa ń ní ewé pupa, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Lórí furúùtù, ewé pupa ni ewé tó ń lọ. Lórí mángòrò, ewé pupa tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ lórí ẹ̀ka ni ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Yóò di ewé tútù bí ọ̀sẹ̀ bá ń gorí ọ̀sẹ̀. Ọmọ tó bá wo àwọ̀ nìkan yóò ṣì í. Ọmọ tó bá wo ibi tí ewé wà lórí ẹ̀ka, tó fọwọ́ kàn án, tó sì padà wá lọ́sẹ̀ kejì, kò ní ṣì í. Mélòó nínú àwọn òfin iṣẹ́ ìwádìí ni kò sí nínú ewé méjì yìí?

Mángòrò tún ń kọ́ni ní ìṣirò. Nígbà ọyẹ́, ó lè yọ òdòdó tó pọ̀ débi pé ewé kò ní hàn mọ́. Ṣírí òdòdó kan lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún òdòdó wínníwínní. Èso tí yóò dàgbà níbẹ̀ lè máà ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Kí ọmọ so òwú pupa mọ́ ṣírí kan tí ọwọ́ rẹ̀ tó, kí ó ka èso tó wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ó sì kọ iye tó ń jábọ́. Ọ̀rọ̀ ìdá ọgọ́rùn-ún tó ń dà á láàmú nínú ìwé ìṣirò yóò wá yé e.

Àràbà wà fún ọmọ tí ń gbé ibi tí igi ńlá kù sí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń wọ́wé kí ó tó tanná. Òdòdó rẹ̀ ń là ní ìrọ̀lẹ́, àdán a sì máa wá mu oje rẹ̀ lóru. Lẹ́yìn náà ni èso rẹ̀ ń là, tí òwú ń fò jáde. Kì í ṣe gbogbo ọdún ni àràbà kan ń tanná. Ẹni tó bá sọ fún ọmọ pé ó máa ń tanná lọ́dọọdún kò tíì ṣọ́ ọ dáadáa.

Ti ìrókò tún jinlẹ̀. Akọ àti abo rẹ̀ ń dá dúró, igi kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Akọ a máa yọ ìtànná gígùn funfun tó rọ̀ wálẹ̀ bí okùn. Ti abo kúrú, ó sì nípọn. Àdán ló fẹ́ràn èso abo jù, òun náà ló sì ń gbé irúgbìn rẹ̀ kiri. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti ń sọ pé ìrókò kan ládùúgbò kì í so lè wádìí ìtànná rẹ̀, kí ó sì padà wá sọ fún bàbá pé akọ ni.

Ilé mìíràn wà tí tíìkì ló yí i ká. Tíìkì máa ń wà láìléwé ní ọ̀gbẹlẹ̀, ṣùgbọ́n àárín òjò ló ń tanná, ní ìdàkejì àràbà. Bí ọmọ bá fi ọwọ́ ra ọ̀dọ́ ewé rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á pọ́n. Àgbálùmọ̀ kì í fi ara rẹ̀ sílẹ̀ láìbò, àmọ́ èso rẹ̀ ń dé láti oṣù Ọ̀pẹ́, ó sì ń bá ẹ̀ẹ̀rùn rìn títí dé ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ọ̀pẹ náà kì í wọ́wé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń yọ imọ̀ tuntun tó bíi 20 sí 25 lọ́dún. Ọmọ tó bá fi ọ̀dà sàmì sí imọ̀ tó kéré jù lórí ọ̀pẹ kúkúrú kan yóò lè ka èyí tó bá yọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìwé, òwú àti rúlà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òwe náà bá iṣẹ́ yìí mu ní tààrà. Ilẹ̀ ni ọmọ yóò dúró sí. Kò ní gun igi, kò ní ti ọwọ́ bọ ihò ìdí rẹ̀ nítorí ejò, kò sì ní jẹ èso tí àgbà kò mọ̀.

Ohun tó nílò kò ju ìwé kan, bírò kan, òwú aláwọ̀ kan àti rúlà lọ. Kí ó yan igi kan, kí ó yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí ó sì yan ibì kan tí yóò máa dúró sí. Ní ọjọ́ náà, kí ó wo nǹkan mẹ́fà: ewé tuntun, ewé tó dàgbà, ewé tó ń pọ́n tàbí tó ń já bọ́, òdòdó, èso tútù, èso pípọ́n. Sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta: kò sí, díẹ̀, púpọ̀. Kí ó fi ìlà kan parí rẹ̀ nípa ẹyẹ, kòkòrò tàbí ẹranko tó rí lórí igi. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ọ̀rọ̀ "kò sí" níyì púpọ̀, ó sì yẹ kí olùkọ́ tẹnu mọ́ ọn. Bí ọmọ bá wo igi tí kò rí òdòdó, kí ó kọ "kò sí". Bí kò bá wò ó rárá lọ́sẹ̀ náà, kí ó fi àyè sílẹ̀ lófo. Méjèèjì kì í ṣe ohun kan náà. Ọmọ tó bá kọ ohun tí kò rí, nítorí kí ìwé lè kún, ti ba iṣẹ́ oṣù mẹ́ta jẹ́ lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀ka kan tí ọwọ́ tó ṣe pàtàkì. Kí ọmọ so òwú mọ́ ọn, kí ó ka ewé tó wà láti ibẹ̀ dé ṣóńṣó, kí ó sì tún un kà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, yóò ní ohun tó lè fi ya gíráàfù, gíráàfù tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Bí fóònù bá wà, kí wọ́n ya fọ́tò láti ojú kan náà. Kò gba dátà láti tọ́jú rẹ̀.

Ọmọ tó ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láìsí ọgbà lè lo igi òdìkejì títì. Ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa lè fi ọwọ́ mọ ọ̀dọ́ ewé yàtọ̀ sí àgbà ewé, kí ó gbóòórùn òdòdó dóńgóyárò, kí ó sì fi ẹsẹ̀ gbọ́ bí ewé gbígbẹ ṣe pọ̀ tó nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ni yóò máa bá a kọ ọ́.

Èwo ló kọ́kọ́ dé, ewé tàbí òjò?

Bí a bá bi ènìyàn mẹ́wàá léèrè ìdí tí igi fi rúwé, ọ̀pọ̀ wọn yóò dáhùn pé òjò ló rọ̀. Ìdáhùn náà dùn ún gbọ́, ó sì tọ̀nà fún ọ̀pọ̀ koríko. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ igi ilẹ̀ olóoru ni ó máa ń rúwé kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀. Nígbà tí igi bá ti wọ́wé tán, omi kò jáde lára rẹ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Gbòǹgbò tó jinlẹ̀ ṣì ń fà díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀, ìtì igi á tún kún, ewé tuntun á sì yọ sínú oòrùn gangan.

Ìbéèrè yìí ni ọmọ lè dáhùn nílé. Kí ó mú ike omi tí ara rẹ̀ gún régé, kí ó gé orí rẹ̀, kí ó sì dojú orí náà dé e bí àrọ. Kí ó bu omi díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ó lè tẹ́jú, kí ó fa ìlà sí ojú omi náà, kí ìlà yẹn jẹ́ òdo. Kí ó gbé e sí gbangba, níbi tí igi àti òrùlé kò ti ní dí i lọ́wọ́. Láràárọ̀, kí ó fi rúlà wọn bí omi ṣe ga tó ju ìlà lọ ní mìlímítà, kí ó kọ ọ́, kí ó sì da omi náà padà dé ojú òdo.

Nígbà tí oṣù Igbe bá fi máa parí, ọmọ á ní ọjọ́ méjì lọ́wọ́: ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ rí ewé tuntun, àti ọjọ́ tí òjò àkọ́kọ́ wọ ike rẹ̀. Kí ó fi wọ́n wé ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣọ́ igi mìíràn. Ó lè jẹ́ pé ìrókò ti yára ju òjò lọ, tí igi kejì sì dúró dè é. Olùkọ́ kò ní mọ ìdáhùn ṣáájú ọmọ, ìyẹn gan-an ló sì yẹ kí ó mú inú olùkọ́ dùn.

Ohun tí àkọsílẹ̀ ọlọ́dún gbọọrọ ti sọ

Ìlú tó kọ nǹkan sílẹ̀ ti jèrè rẹ̀. Ní Kyoto ní Jàpáánì, inú ìwé ìrántí àwọn ọba, ìjòyè àti àlùfáà ni wọ́n ti rí ọjọ́ tí òdòdó ṣẹ́rì là, láti ọdún 812 wá. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀ pé òun ń ṣe sáyẹ́ǹsì. Nítorí ìwé wọn ni aráyé fi lè sọ lónìí pé òdòdó tó là kẹ́kẹ́ ní ọjọ́ 26 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2021 yá ju gbogbo èyí tó wà nínú àkọsílẹ̀ ṣáájú rẹ̀ lọ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, onílẹ̀ kan tó ń jẹ́ Robert Marsham bẹ̀rẹ̀ sí kọ àmì ìgbà sílẹ̀ ní Norfolk lọ́dún 1736: ọjọ́ tí igi kọ̀ọ̀kan rúwé, ọjọ́ tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ké. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ tẹ̀ síwájú títí di ọdún 1958. Ìdílé kan ṣoṣo ló ṣe èyí, nínú ilé wọn.

Ti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ló sún mọ́ wa jù. Ní Índíà, ètò kan tó ń jẹ́ SeasonWatch ń mú kí àwọn ọmọdé àti àgbà máa wo igi kan náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Kerala ló kún inú rẹ̀ jù. Igi kan wà níbẹ̀ tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tí wọ́n fi ń ṣe ọdún Vishu láàárín oṣù Igbe; àwọn ará ibẹ̀ ń rí i pé ó ti ń tanná ṣáájú ọjọ́ ọdún náà.

Ní Áfíríkà tiwa, ní igbó Lopé ní Gàbọ́ọ̀nù, àwọn olùwádìí ti ń gbójú sókè wo orí igi lóṣooṣù láti ọdún 1980 ó lé díẹ̀. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2020 fi hàn pé láàárín ọdún 1986 sí 2018, àǹfààní kí erin bá èso pípọ́n pàdé lábẹ́ igi fi ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀. Erin igbó náà sì rù: bí ara wọn ṣe sanra tó fi ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀ láàárín ọdún 2008 sí 2018. Àwọn igi kan níbẹ̀ nílò òru tó tutù kí wọ́n tó lè tanná, ilẹ̀ sì ń gbóná sí i. Ká ní ẹnikẹ́ni kò kọ iye èso sílẹ̀ lọ́dún náà lọ́hùn-ún, ta ni ìbá mọ ohun tó ń pa erin lébi?

Àǹfààní irú ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Ìbàdàn. Arere, igi pákó wa tó gbajúmọ̀, kì í so déédéé. Ó lè fi ọdún púpọ̀ ṣe aláìso, kòkòrò a máa ba irúgbìn rẹ̀ jẹ́, èyí tó kù a sì tètè kú. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ ní Ilé-Iṣẹ́ Ìwádìí Igbó ti Nàìjíríà, FRIN, ní Jẹ́ríkò, ṣe kọjú sí fífi ẹ̀ka gbìn ín ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1980. Ẹni tó bá fẹ́ gbin igi padà gbọ́dọ̀ mọ ọdún tó so àti oṣù tí irúgbìn rẹ̀ gbó. Ọmọ tó ń ṣọ́ igi lẹ́yìnkùlé ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Iṣẹ́ olùkọ́, iṣẹ́ òbí

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ ní ojú tó mú àti àsìkò. Àgbà ní ìrántí.

Olùkọ́ lè fi ìbéèrè kan ṣoṣo ránṣẹ́ lọ́sẹ̀, kódà lórí fóònù tí kì í wo íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ̀gbẹ́ wo lára igi ló kọ́kọ́ tanná? Ewé mélòó ló kù lórí ẹ̀ka olówùú? Kí ni ẹyẹ ń ṣe níbẹ̀? Kí ó má dáhùn rẹ̀ fún wọn. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé, kí wọ́n kó gbogbo ìwé jọ, kí wọ́n ya gíráàfù ńlá kan sára ògiri kíláàsì. Olùkọ́ èdè Yorùbá lè gba àpèjúwe igi lọ́wọ́ wọn. Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà lè gba àwòrán. Igi kan náà ni yóò bọ́ kíláàsì mẹ́rin.

Òbí tí kò kàwé kò ní ṣàìní ipa. Ìyá tó ń ta àgbálùmọ̀ mọ oṣù tí ti oko kọ̀ọ̀kan ń dé ọjà. Bàbá àgbẹ̀ mọ igi tó máa ń kọ́kọ́ rúwé lóko rẹ̀. Kí ọmọ bi wọ́n, kí ó kọ ìdáhùn wọn sí ojú ìwé kan, kí ó sì kọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ rí sí ojú ìwé kejì. Níbi tí méjèèjì bá ti yàtọ̀, kí ọmọ má jiyàn, kí ó ṣọ́ igi náà lọ́dún tó ń bọ̀. A kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tó rù; ọdún kan ṣoṣo kò sì tó fún igi láti sọ ìwà rẹ̀ fúnni.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù sí ẹ̀yin aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ yan igi mẹ́ta nínú ọgbà yín, ẹ kọ orúkọ wọn síwájú wọn, ẹ sì ra ìwé ńlá kan tí kò ní kúrò ní ọ́fíìsì. Kí gbogbo ọmọ tó bá ṣọ́ igi nílé kọ àkópọ̀ tirẹ̀ sínú ìwé náà ní ìparí sáà, pẹ̀lú àdúgbò àti ọdún. Ẹ má jẹ́ kí ìwé náà tẹ̀lé olùkọ́ tó bá gba ìwé ìgbéga lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò: sáà tó ń bọ̀ yìí dára láti bẹ̀rẹ̀.